Baba Àlejò Fẹ́ Gba Owó Tálákà

Bí ẹ bá dé abúlé wa, Nágì Ṣalámà, ní ilẹ̀ Ṣáídì, apá gúúsù Íjíbítì, ẹ má wulẹ̀ béèrè ilé Alájì Abú Déífì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà dúró lójú títì, kí ẹ ṣe bí ẹni tí ebi ń pa. Yóò jáde fúnra rẹ̀. Irunmú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ ní igun ògiri, òun fúnra rẹ̀ yóò wá máa tẹ̀lé e bọ̀ lẹ́yìn.

Èmi ni onígbàjámọ̀ abúlé. Èmi ni mo ń kun irunmú náà ní dúdú ní ọjọ́bọ̀, kó lè máa dán ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Torí náà, ohun tí mo bá sọ nípa rẹ̀, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó ń kun irunmú èèyàn mọ ibi tó ti hu ewú.

Abú Déífì ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ìyẹn ni Baba Àlejò. Ọkùnrin náà sì mú orúkọ yìí bí ẹni mú oyè. Abú Déífì, Baba Àlejò. A-bọ́-ni-má-jẹ̀ẹ́-kó-dà. A-fún-ni-jẹ-tún-fi-ròyìn. Bí o bá jẹ pẹ́pẹ́yẹ nílé rẹ̀ lónìí, kí Lemọ́mù tó sálámà lọ́la, gbogbo sàfù ìrun yóò ti gbọ́ pé itan méjì lo jẹ, àti pé o tún tọrọ omi ọbẹ̀.

O ò sì lè kọ oúnjẹ rẹ̀. Bí o bá ní o ti yó, yóò dìde, yóò gbá àyà, yóò ní, "Ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí mi bí o bá jáde láìjẹun." Ìbúra àwọn ọkùnrin wa nìyẹn. Ẹni tó bá fi búra, tí àlejò rẹ̀ kò sì jẹun, ìyàwó rẹ̀ ti di ẹni tí a kọ̀. Àwọn èèyàn gidi kì í fi í búra àfi bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Abú Déífì ń fi í búra lórí ṣúgà inú tíì. Mo ti rí ọkùnrin kan tó jẹ ìrẹsì nínú gbàngàn rẹ̀ títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, nítorí kí wọ́n má baà lé Wahíbà ìyàwó Alájì jáde nílé.

Ohun tí àlejò yẹn kò mọ̀ ni pé Wahíbà ló nilé. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun nìkan ni bàbá náà bí, òun ló sì jogún rẹ̀. Alájì wọ ibẹ̀ bí ọkọ ìyàwó tó gbé àpótí kan dání. Irunmú ló sọ ọ́ di baálé.

Ọdún tó kọjá ni ìjọba kéde pé àwọn yóò máa fún àwọn tí kò ní lówó lóṣooṣù. Owó ni o, kì í ṣe àpò ìrẹsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ yóò kọ orúkọ sílẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò sì wá fojú ara rẹ̀ wo ilé onítọ̀hún. Bó bá rí màlúù, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bó bá rí fíríìjì, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bó bá jẹ́ ebi nìkan ló bá nílé, owó yóò dé.

Alájì wà lórí àga mi, aṣọ ìnura lọ́rùn, aró dúdú lórí ètè, nígbà tó fọhùn.

"Mo ti kọ orúkọ mi sílẹ̀."

"Fún kí ni, Alájì? Ṣé ẹ tún fẹ́ lọ Mẹ́kà ni?"

"Fún owó ìrànwọ́."

Díẹ̀ ló kù kí n kun imú rẹ̀ mọ́ irunmú.

"Alájì, owó àwọn tálákà nìyẹn."

"Ta ni tálákà?" Ó yí ọrùn sí mi. "Ẹni tí ò ní màlúù, ṣé ó ń ra koríko?"

"Rárá."

"Ẹni tí ò ní fíríìjì, ṣé ó ń sanwó iná?"

"Kí ló fẹ́ fi iná ṣe?"

"Ẹni tí ò ní gbàngàn àlejò, ṣé àlejò ń jẹ ẹ́ run?"

"Ta ló fẹ́ lọ bá a?"

"Ṣé o wá rí i báyìí? Èmi gan-an ni ìnáwó ń pa. Tálákà ò ní, ara ẹ̀ ti mọ́ àìní. Èmi tí mo ní, tí ò bá sí fún mi lọ́la, ara mi ò lè gbà á."

Mo ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí ọjọ́ tí ara Alájì ò ní lè gbà á. Mo wá bi í léèrè pé bí òṣìṣẹ́ bá wá wo ilé ńkọ́.

"Kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀."

"Irunmú yìí ńkọ́? Láti ibí dé Áswánì, kò sí tálákà tó ní irú ẹ̀. Ẹ jẹ́ n bá yín fá a."

Ó gbá ọwọ́ mi dànù. "Irunmú kì í ṣe ohun ìní," ó ní. "Iyì ni."

Ìyá Básímà ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Alájì, ògiri kan ló pààlà wọn. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ já bọ́ láti orí ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ ní Káírò, òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Básímà, àgbà wọn, orí rẹ̀ pé níléèwé débi pé òun ló ń bá mi ka ohun tó wà lára ìgò oògùn. Ṣùgbọ́n lọ́rì kan wà tó ń kó àwọn ọmọbìnrin lọ já tòmátì ní oko inú aṣálẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ sì ti ń béèrè Básímà. Ìyá rẹ̀ sọ fún un kó ṣì mú sùúrù ná. Bí owó ìrànwọ́ bá wọlé, Básímà yóò dúró síléèwé. Bí kò bá wọlé, ọjọ́ Sátidé ni yóò gun lọ́rì.

Gbogbo wa la mọ èyí ní àdúgbò. Alájì náà mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí òṣìṣẹ́ dé, nígbà tí àwọn èèyàn wà nírun àsárì, Alájì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Èmi ò lọ kírun, mo ń fá orí ẹnì kan lọ́wọ́, ṣọ́ọ̀bù mi sì kọjú sí ilé Ìyá Básímà. Màlúù méjì ló kọ́kọ́ kọjá. Àgbò kan tẹ̀ lé wọn, tó sanra débi pé ó ń mí bí Alájì. Pẹ́pẹ́yẹ tò wọlé. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì gbé fíríìjì, wọ́n tún padà wá gbé tẹlifíṣọ̀n tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Alájì dé ẹnu ọ̀nà opó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́.

"Ìyá Básímà, bá mi tọ́jú àwọn nǹkan wọ̀nyí. Ọjọ́ kan péré ni."

"Alájì, ẹ forí jì mí. Èmi náà kọ orúkọ sílẹ̀. Wọ́n máa wo ilé tèmi náà."

"Ta ló fẹ́ yẹ ilé opó wò? Wọ́n á wo ojú ẹ lẹ́nu ọ̀nà, àánú ẹ á ṣe wọ́n, wọ́n á máa lọ."

"Tí wọ́n bá wọlé ńkọ́?"

Alájì wo garawa tó wà lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó tún wo ẹ̀rọ omi tó wà nínú àgbàlá ilé tòun. Omi tí obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń mu, ẹnu ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ìyá Básímà yẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì kó ẹrù wọlé.

Ẹ óò béèrè pé Wahíbà ńkọ́? Wahíbà bọ́ wúrà ọwọ́ rẹ̀, ó wọ àkísà tí ọkọ rẹ̀ gbé fún un, kò sì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ Wahíbà mọ̀ pé nígbà tó bá ń pariwo ni àlàáfíà wà.

Ọ̀gbẹ́ni Wágìdì ni orúkọ òṣìṣẹ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló gbé e dé, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ awò ojú, tó gbé àpò kọ́ èjìká. Gbogbo abúlé tú jáde tẹ̀ lé e. Ilé Ìyá Básímà ló kọ́kọ́ yà, àwa yòókù sì rọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Ó rí màlúù. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Màlúù ṣì wà níbẹ̀.

"Màdáámù, ṣebí ẹ ní ẹ ò ní nǹkan kan?"

Wágìdì tún wo igun kejì.

"Fíríìjì rèé. Àgbò rèé. Tẹlifíṣọ̀n rèé, tèmi nílé ò tó ìdajì ẹ̀. Ta ló ni wọ́n?"

Obìnrin náà wo Alájì. Alájì dúró láàárín wa nínú jalabíà tó ti ya lápá, ó ń fọwọ́ pa irunmú.

"Tiẹ̀ ni, ọ̀gá," ni Alájì dáhùn. "Ọlọ́run ló fún un. Àwa aládùúgbò ẹ̀ ò ṣe ìlara."

Inú bí mi. Mo ti rí olè, mo ti rí òpùrọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó fún opó ní màlúù méjì kó lè sọ ọ́ di ẹni tí kò ní nǹkan, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Mo la ẹnu. Ìyá Básímà rí mi, ó mi orí sí mi díẹ̀, mo sì rántí ẹ̀rọ omi. Mo pa ẹnu mi dé. Básímà tó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀ bọ́ báàgì iléèwé kúrò léjìká, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri.

Wágìdì kọ nǹkan sínú ìwé, ó mí kanlẹ̀, ó jáde. Ó kan ilé Alájì.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé náà mọ́ tónítóní. Ẹní kan ló wà nílẹ̀, búrẹ́dì gbígbẹ kan àti àlùbọ́sà kan wà lórí ẹní. Gbàngàn àlejò tí gbogbo Ṣáídì ti gbúròó, Alájì ti fi àgádágodo tì í, ó ní ibùgbé àwọn àǹjọ̀nnú ni. Wahíbà jókòó sí igun yàrá, ó káwọ́ gbera.

"Bí a ṣe wà nìyí, ọ̀gá," Alájì ń sọkún láìsí omi lójú. "Ìjẹta la ti jẹun kẹ́yìn. Àlùbọ́sà yìí, a kì í jẹ ẹ́, à ń gbóòórùn ẹ̀ ni."

Mo rí i pé ọkùnrin náà ti gbà á gbọ́. Àánú ti mú un. Ó ti ń ti bírò bọ àpò, ó fẹ́ máa lọ, ọ̀ràn Básímà sì ti parí nìyẹn. Nígbà náà ni mo wá ronú kan ohun tí Alájì fẹ́ràn ju owó lọ.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. Àwa ará Nágì Ṣalámà kì í jẹ́ kí ọ̀fun àlejò gbẹ. Àmọ́ ẹ̀yin náà rí ilé tẹ́ ẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá kọjá ní Aúládì Nasírì, ẹ má sọ fún wọn pé ilé Baba Àlejò lẹ ti kúrò tí ebi ń pa yín."

Aúládì Nasírì ni abúlé tó kọjú sí tiwa. Láti ayé bàbá wa la ti ń bá wọn du ta ló mọ àlejò tọ́jú jù.

"Kò séwu," ni Wágìdì wí. "Ibẹ̀ náà ni mo ti ń bọ̀. Bàbá kan tí ò ní ju pẹ́pẹ́yẹ kan lọ fẹ́ pa á fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó fi í sílẹ̀."

Irunmú Alájì gbọ̀n.

"Pẹ́pẹ́yẹ? Ní Aúládì Nasírì?"

"Ó tiẹ̀ tóbi díẹ̀."

Alájì sún mọ́ ọn. "Tíì nìkan ńkọ́, ọ̀gá? A lè yá tíì."

"Ẹ má ṣèyọnu, bàbá. Òfin iṣẹ́ wa ni. Mi ò gbọdọ̀ jẹun nílé ẹni tó bá ń béèrè ìrànwọ́. Mo gbé oúnjẹ mi dání."

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Abú Déífì, ó tú àpò rẹ̀, ó mú búrẹ́dì àti wàràkàṣì funfun jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Àwọn àgbà dorí kodò. Ní ilẹ̀ wa, kàkà kí àlejò jẹ oúnjẹ àpò ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà èèyàn, ó sàn kó gbá onílé létí. Alájì dúró tì í, ó ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀. Wágìdì rò pé ebi ló ń pa á. Ọmọlúàbí ni. Ó bu búrẹ́dì náà sí méjì, ó fi wàràkàṣì sínú rẹ̀, ó sì na ọ̀kan sí i.

"Ẹ gbà, bàbá. Ẹ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kó má há yín lọ́rùn."

Ọwọ́ Alájì gbà á kí ọkàn rẹ̀ tó mọ̀. Obìnrin kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí mi!" Alájì gbá àyà. "Èmi, Abú Déífì? Ìkọ̀sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí mi, ẹ ò ní kúrò nílẹ̀ yìí láìjẹ ẹran àgbò mi!"

Ẹyin lohùn. Gbogbo wa la gbọ́ bó ṣe fọ́.

"Àgbò wo?" ni Wágìdì béèrè.

Wahíbà dìde láti igun yàrá. Kò yára. Ó gbọn àkísà ara rẹ̀, ó sì jáde sáàárín wa.

"Ṣé ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn? Ó ti búra. Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá kúrò níbí láìjẹ ẹran àgbò, ọkọ mi ti kọ̀ mí nìyẹn. Bàbá mi ló sì kọ́ ilé yìí. Kíkó ẹrù ẹ̀ ò ní pẹ́. Ẹní kan ló kù, ẹ̀yin náà rí i."

"Àmọ́ mi ò lè jẹun nílé ẹni tó ń béèrè ìrànwọ́, màdáámù."

"Kó yáa má béèrè mọ́ nìyẹn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Alájì wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó rí Lemọ́mù láàárín èrò, Lemọ́mù sì ń wo ojú ọ̀run. Ó wá nahùn sí ilé kejì.

"Ìyá Básímà! Fa àgbò mi wá!"

Ìyá Básímà yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti nu ojú rẹ̀.

"Àgbò wo, Alájì? Èyí tí Ọlọ́run fún mi? Ṣebí ẹ ní ẹ ò ṣe ìlara."

Ẹ̀rín bú sáyé. Mo di ògiri mú kí n má baà ṣubú.

Wágìdì kò rẹ́rìn-ín. Ó ti yọ bírò rẹ̀ padà. "Bàbá, ta ló ni àgbò?"

"Èmi," ni Alájì wí sínú irunmú.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Alájì," mo ní. "Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

"Èmi ni mo ni ín!"

"Àwọn màlúù ńkọ́?"

Alájì wo Wahíbà. Wahíbà ń wo ẹní.

"Tèmi ni."

"Fíríìjì?"

"Tèmi ni."

"Tẹlifíṣọ̀n?"

"Tèmi..."

"Irọ́ ni," ni Wahíbà wí. "Tèmi ni tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀rọ omi àgbàlá náà, tèmi ni. Ìyá Básímà, nígbà tó bá wù ọ́ ni kó o máa wá pọn omi."

Wágìdì bi Alájì bóyá kí òun fagi lé orúkọ rẹ̀. Alájì ní kó fagi lé e. 

Wọ́n da ẹran jáde nílé opó, wọ́n gbé fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n jáde. Wágìdì padà wọ ibẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí kò gba àkókò rẹ̀: ẹní, ìkòkò, fìtílà, àti báàgì iléèwé lára ìṣó. Nígbà tó jáde, ó tẹríba fún Ìyá Básímà, ó ní kó má bínú. Básímà na ọwọ́ sókè, ó mú báàgì rẹ̀ kúrò lára ìṣó.

Wọ́n pa àgbò. Wágìdì jẹ nínú rẹ̀, Lemọ́mù sì wo ẹnu rẹ̀ títí ó fi gbé e mì, kí ẹ̀rí lè wà. Àwa náà jẹ, nítorí gbogbo abúlé kúkú ti dúró síbẹ̀, ta ni yóò sì lé àlejò ní ilé Baba Àlejò? Bí a bá ti gé itan kan, a ó kí i: Abú Déífì! A-bọ́-ni-má-jẹ̀ẹ́-kó-dà! Awakọ̀ lọ́rì tòmátì náà gba egungun kan, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Alájì nìkan ni kò jẹ ẹran. Ìlàjì búrẹ́dì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí a kì í ju búrẹ́dì nù ní ilẹ̀ wa, kò sì mọ ibi tí yóò gbé e sí. Nígbà tí Wágìdì fẹ́ gun kẹ̀kẹ́, Alájì sáré tẹ̀ lé e pé kó gba nǹkan rẹ̀.

"Rárá, bàbá," ni ọkùnrin náà wí. "Mo ti fún yín."

Wahíbà ti wọ wúrà rẹ̀ padà. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀.

"Ẹ jẹ ẹ́, Baba Àlejò," ó ní. "Owó ìrànwọ́ tiyín nìyẹn."

Ó jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa, láìgbé ojú sókè. Wàràkàṣì funfun lẹ̀ mọ́ irunmú dúdú tí mo kùn náà. Kò sí ẹni tó sọ fún un.